Ìjìnnà ojú òfuurufú láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù

Ìjìnnà ojú òfuurufú láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ni gígùn ìlà tó kúrú jù lọ tí a lè fà lórí ilẹ̀ ayé láti ìlú Èkó, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, dé Lọ́ńdọ̀nù tí í ṣe olú-ìlú Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti Pápákọ̀ Òfuurufú Murtala Muhammed tó wà ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ Heathrow tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,100 máìlì. Ọkọ̀ òfuurufú tí kò bá dúró lọ́nà máa ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ láti ìlú kan dé ìkejì.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ìwọ̀n ọ̀nà tí ọkọ̀ kan rìn ní ọjọ́ kan pàtó. Ìwọ̀n àlàfo tó wà láàárín ìlú méjèèjì ni. Ibi tí ọkọ̀ yóò gbà kọjá wà lọ́wọ́ ojú ọjọ́, ibi tí pápákọ̀ wà, àdéhùn tó wà láàárín àwọn ìjọba, àti bóyá orílẹ̀-èdè tó wà lọ́nà fẹ́ kí ọkọ̀ àjèjì gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Nítorí èyí ni ìlú méjì fi lè jìnnà síra bákan náà lórí máàpù, tí ìrìn-àjò sí ọ̀kan yóò sì fi ìlọ́po mẹ́ta gùn ju èkejì lọ.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ayé rí róbótó bí ọsàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ibi méjì lórí èèpo ọsàn lè ki abẹ́rẹ́ bọ ibi méjèèjì, kí ó so òwú mọ́ wọn, kí ó sì fà á le. Òwú náà kò ní yà sọ́tùn-ún, kò ní yà sósì. Bí a bá tẹ̀ síwájú láti fà á yí ọsàn náà ká, yóò pín in sí ọgbọọgba méjì. Irú ìlà tó pín ayé sí ọgbọọgba méjì báyìí ni a lè pè ní òbírí ńlá, orí rẹ̀ ni a sì ti ń wọn gbogbo ìjìnnà ojú òfuurufú.

Láti ṣírò rẹ̀ láìsí òwú, a nílò àdírẹ́sì ibi méjèèjì lórí ayé. Ìlà ìbú ń sọ bí ibi kan ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, ní àríwá tàbí ní gúúsù. Ìlà òòró ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ní ìlà-oòrùn tàbí ní ìwọ̀-oòrùn. Pápákọ̀ Murtala Muhammed wà ní dígírì 6.58 ní àríwá agbedeméjì ayé àti dígírì 3.32 ní ìlà-oòrùn Greenwich. Heathrow wà ní dígírì 51.48 ní àríwá àti dígírì 0.46 ní ìwọ̀-oòrùn. Ìyàtọ̀ wọn láti gúúsù sí àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 45, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn kò tó 4. Lọ́rọ̀ kan, ẹni tó bá dúró ní Ìkẹjà tó sì kọjú sí àríwá, Lọ́ńdọ̀nù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí.

Bí a bá fi òfin òbírí ńlá ṣírò ìyàtọ̀ méjèèjì pọ̀, ohun tó jáde jẹ́ dígírì 45 tó ṣe rẹ́gí. Èyí dùn mọ́ olùkọ́ ìṣirò, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ lè ṣe ìyókù lórí. Yíyí ayé ká jẹ́ dígírì 360, nítorí náà 45 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Yíyí ayé ká sì jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Pín in sí mẹ́jọ, 5,000 ni.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú kì í fi kìlómítà wọn ọ̀nà. Máìlì ojú omi ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn atukọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1,852, wọ́n sì yàn án bẹ́ẹ̀ kí 60 nínú rẹ̀ lè jẹ́ dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé. Dígírì 45 nígbà 60 jẹ́ 2,700, èyí sì ni iye máìlì ojú omi tó wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì.

Òǹkàwé tó bá wo ojú-ewé oríṣiríṣi lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí 4,990 níbì kan kí ó sì rí 5,005 níbòmíràn. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì. Ayé kò rí róbótó tán pátápátá: ó tẹ́ díẹ̀ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Láti àárín rẹ̀ dé agbedeméjì ayé jẹ́ nǹkan bí 6,378 kìlómítà, ṣùgbọ́n láti àárín náà dé ìpẹ̀kun àríwá jẹ́ nǹkan bí 6,357. Ẹni tó bá ka ayé sí róbótó gan-an yóò rí nǹkan bí 5,005. Ẹni tó bá fi títẹ́ náà kún ìṣirò rẹ̀ yóò rí nǹkan bí 4,990. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n náà tún máa ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Pápákọ̀ Gatwick, tó wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, fi nǹkan bí 40 kìlómítà sún mọ́ Èkó ju Heathrow lọ.

Ìmọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ yìí ní ibùdó kan nítòsí. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní wíwọn ilẹ̀ àti yíya máàpù láti ojú òfuurufú. RECTAS ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí kí wọ́n tó yí i padà sí AFRIGIST.

Àpẹẹrẹ láti Ìpetumodù

Ìpetumodù, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìkòkò mímọ, wà lẹ́bàá ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Ó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Èkó, nítorí náà ó sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Èkó lọ. Lórí ìṣirò ayé róbótó kan náà, ìjìnnà rẹ̀ sí Heathrow jẹ́ nǹkan bí 4,910 kìlómítà, èyí tó fi nǹkan bí 95 kéré sí ti Èkó.

Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbéra láti Ìpetumodù. Ẹni tó ń lọ yóò kọ́kọ́ wọ mọ́tò gba Ìbàdàn lọ sí Ìkẹjà. Ìlà títọ́ láti Ìpetumodù dé pápákọ̀ náà kò ju nǹkan bí 160 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà títì lé ní 200. Ní gbogbo àkókò tí mọ́tò bá fi ń sáré lọ sí gúúsù, ńṣe ni èrò náà ń jìnnà sí ibi tó ń lọ. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá wá gbéra tán, tó sì kọjú sí àríwá, yóò tún dé ìpele ìlà ìbú Ìpetumodù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.  Yorùbá a máa sọ pé ọ̀nà ibì kan jìn. Ọ̀nà ni a ń wọ̀n, kì í ṣe àlàfo.

Àwọn ilẹ̀ tí ìlà náà gbà kọjá

Bí a bá fa ìlà títọ́ náà lórí ayé, yóò fi Ìkẹjà sílẹ̀, yóò gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá sí àríwá orílẹ̀-èdè Benin, yóò wọ ìwọ̀-oòrùn Nìjẹ̀r, yóò gé igun kan ní Màlì, lẹ́yìn náà ni yóò wọ Àlgéríà. Aginjù Sàhárà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú apá yìí. Lẹ́yìn náà ni Òkun Mẹditaréníà, ìlà-oòrùn Spéìn, àwọn òkè Pyrenees, ìwọ̀-oòrùn Fránsì, àti omi tóóró tó wà láàárín Fránsì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ gan-an kì í tẹ̀ lé ìlà yìí ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ojú ọ̀nà wà lójú òfuurufú tí àwọn olùdarí ọkọ̀ òfuurufú ti là sílẹ̀, awakọ̀ yóò sì tẹ̀ lé èyí tí wọ́n bá fún un lọ́jọ́ náà.

Wákàtí àti aago

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá máa ń sáré tó nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan bó bá ti dé òkè. Lójú ìṣirò, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ló yẹ kó fi parí 5,000 kìlómítà. Èyí tó kù lọ sí gígùn òkè, sísọ̀kalẹ̀, yíyà kúrò lórí ìlà títọ́, àti yíyípo lórí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá wà níwájú.

Ní òkè réré, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè, afẹ́fẹ́ kan wà tó lágbára púpọ̀ tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí New York, ìrìn tó lé ní 8,400 kìlómítà, máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ yìí nígbà tó bá ń lọ, a sì máa tì í lẹ́yìn nígbà tó bá ń bọ̀. Nítorí náà lílọ rẹ̀ máa ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ. Ní ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà ti ń kọlu ọkọ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ láàárín lílọ àti bíbọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní mìíràn tí àwọn arìnrìn-àjò ń jẹ láìmọ̀ ni ti aago. Níwọ̀n bí ìlú méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òòró kan náà, oòrùn a máa dé àárín ọ̀run wọn ní nǹkan bí àkókò kan náà. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich jálẹ̀ ọdún. Láti ìparí oṣù Ẹ̀ta sí ìparí oṣù Kẹwàá, Lọ́ńdọ̀nù náà a máa yí aago rẹ̀ síwájú ní wákàtí kan, ìlú méjèèjì a sì wà lórí aago kan náà. Ní ìgbà òtútù, wákàtí kan péré ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó bá gbéra ní Èkó ní agogo mọ́kànlá alẹ́ lè dé ní agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí nínú oṣù Kìíní, àárẹ̀ àìsùn nìkan ni yóò sì dà á láàmú. Ẹni tó lọ sí New York, wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ni yóò yọ kúrò lára aago rẹ̀, ara a sì máa lo ọjọ́ díẹ̀ kó tó bá a mu.

Bí ọ̀nà náà ṣe kúrú láti ìgbà dé ìgbà

Kí ọkọ̀ òfuurufú tó wọ́pọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ń wọ̀. Àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster máa ń ti Èkó lọ sí Liverpool, ìrìn náà a sì máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú òmìnira ni wọ́n gba ọ̀nà yìí.

Ní ọdún 1936, ilé-iṣẹ́ Imperial Airways mú ọkọ̀ òfuurufú dé Kánò, lẹ́yìn náà ó mú un dé Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àríwá ni ọkọ̀ náà kọjú sí. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà kò lè gbé epo tó pọ̀ tó láti la Sàhárà kọjá, Fránsì ló sì ń ṣàkóso èyí tó pọ̀ jù nínú aginjù náà. Ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ni èyí tó ti Ẹ́gíptì wá sí Sudan lọ sí gúúsù Áfíríkà. Nítorí náà èrò yóò ti Èkó lọ sí Kánò àti Maiduguri, yóò máa lọ sí ìlà-oòrùn títí dé Khartoum, kí ó tó darí sí Ẹ́gíptì àti Yúróòpù.

Máàpù fi bí ọ̀nà yìí ṣe ṣe kókó sí ara hàn. Láti Èkó dé Khartoum ní ìlà títọ́ jẹ́ nǹkan bí 3,300 kìlómítà. Láti Khartoum dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 4,950. Èyí ni pé arìnrìn-àjò tó ti fi ọjọ́ bíi mélòó kan la Áfíríkà já, tó sì ti sùn lọ́nà, ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó bó ṣe jìnnà sí i kó tó kúrò nílé. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 8,000 kìlómítà, láìka gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti yà gba epo. Síbẹ̀ àwọn tó ní owó rẹ̀ yàn án, torí pé ó yá ju ọkọ̀ ojú omi lọ.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọkọ̀ tó lè lọ jìnnà bẹ̀rẹ̀ sí í la Sàhárà kọjá, Kánò sì di ibi pàtàkì tí wọ́n ti ń gba epo. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: láti Kánò dé Lọ́ńdọ̀nù kò ju nǹkan bí 4,460 kìlómítà lọ. Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀, Nigeria Airways, sílẹ̀ ní ọdún 1958 láti rọ́pò èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì jùmọ̀ ní. Lọ́ńdọ̀nù wà lára ọ̀nà tó kọ́kọ́ ń ná. Pápákọ̀ Ìkẹjà tí a mọ̀ lónìí, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní ọdún 1976 sọ, ṣí ní ọdún 1979. Nígbà tó sì di 1980 lọ sókè, ọkọ̀ tó ń lọ tààrà láti Èkó kò nílò Kánò mọ́.

Nigeria Airways kógbá sílé ní ọdún 2003. Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ọmọ Nàìjíríà mélòó kan ti ná ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀, tó fi di pé ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, British Airways àti Virgin Atlantic, nìkan ló kù tó ń lọ tààrà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹ̀ta ọdún 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó lọ sí Gatwick, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì já wálẹ̀ lórí ọ̀nà náà ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kìlómítà kan kò yí padà nínú ìjìnnà ìlú méjèèjì. Iye àwọn tó ń dù ú ni ó yí padà.

Ìgbà tí Nìjẹ̀r ti òfuurufú rẹ̀

Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944, tí ìrìnnà òfuurufú gbogbo ayé dúró lé lórí, gbà pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni òfuurufú tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ àjèjì kò lè gba ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Lójoojúmọ́, kò sí èrò tó ń rántí òfin yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èrò rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún náà, àwọn ológun fipá gba ìjọba ní Nìjẹ̀r. Nígbà tí Àjọ ECOWAS halẹ̀ pé àwọn lè lo agbára láti dá ìjọba alágbádá padà, àwọn ológun náà ti òfuurufú orílẹ̀-èdè wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ. Nìjẹ̀r ni ilẹ̀kùn àríwá Nàìjíríà. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Líbíà àti Sudan jẹ́ ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti ń sá fún nítorí ogun. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Yúróòpù ní láti yà, àkókò ìrìn gùn sí i, epo tí wọ́n ń gbé pọ̀ sí i. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i padà.

Láti mọ bí yíyà ṣe lè gbówó lórí tó, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí ọkọ̀ kan bá fi Èkó sílẹ̀, tó gba orí Dakar kọjá ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kó tó kọjú sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò rin nǹkan bí 2,450 kìlómítà sí Dakar àti nǹkan bí 4,360 láti ibẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,810, èyí tó fi 1,800 lé sí ọ̀nà títọ́. Wákàtí méjì nìyẹn lójú òfuurufú.

Ìfiwéra pẹ̀lú Salvador

Salvador, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, ni ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti fi ẹ̀sìn, oúnjẹ àti orin wọn lélẹ̀ jù lọ ní òdìkejì òkun. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà ti padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí a bá wọn ìjìnnà láti pápákọ̀ Ìkẹjà dé pápákọ̀ Salvador, ó jẹ́ nǹkan bí 5,100 kìlómítà. Ìyẹn ni pé Bahia kò fi ju 100 kìlómítà lọ jìnnà sí Èkó ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Òkun Àtìláńtíìkì nìkan ló wà láàárín, kò sì sí òfuurufú orílẹ̀-èdè tó lè tì lójú ọ̀nà náà.

Síbẹ̀ ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Salvador sábà máa ń wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá gba Yúróòpù, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ àdéhùn Schengen a máa béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà bí kò tilẹ̀ ní jáde kúrò nínú pápákọ̀. Bó bá gba Addis Ababa, yóò kọ́kọ́ lọ sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bí 3,900 kìlómítà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti padà la Áfíríkà àti òkun kọjá dé São Paulo, nǹkan bí 9,900 kìlómítà. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ọkọ̀ mìíràn gòkè lọ sí Salvador, nǹkan bí 1,450. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 15,000 kìlómítà.